Oríkì Tí Mo Gbé Mì

Ẹ má tíì ká ẹní, ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi nínú àsàlátù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àìkú kì í tètè dé, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ṣíìfù lọ́wọ́ alẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí èmi gan-an lè má dúró dè é. Ẹ̀yin náà ń rí mi. Ẹsẹ̀ mi ti wú, èémí mi ti kúrú, dókítà sì ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, irú ohùn pẹ̀lẹ́ tí ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu dókítà. Aṣọ funfun tí mo fi omi Sàmúsámù fọ̀ ní Mẹ́kà ti wà nísàlẹ̀ àpótí mi, Nusaybah ọmọ ọmọ mi mọ ibẹ̀. Gbogbo nǹkan ni mo ti tò sílẹ̀, àfi ahọ́n mi. Ahọ́n mi ló dẹ́ṣẹ̀, òun náà ni yóò jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo fi lẹ́tà kéwú kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ojú yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí mi.

Rùkáyàt ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n Ìyá Akéwì ni ẹ ń pè mí. N kò wọ ilé ìwé kankan. Ẹ̀gbẹ́ ìyá bàbá mi ní Ìsẹ́yìn ni ilé ìwé mi. Bí mo ti ń kọ wàláà lọ́wọ́ ni mo ń gbọ́ oríkì lẹ́nu ìyá náà, títí àwọn méjèèjì fi di ọ̀kan ní àyà mi. Kò sí ẹni tó wọ yàrá yìí tí n kò kì rí. Mo ki ìyàwó, mo ki òkú, mo ki ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wòlímọ̀. Ará Afghanistan tó ń ta ẹja ní Rye Lane ní London níhìn-ín, tí kò gbọ́ wá-jẹun nínú Yorùbá, mo kì í lọ́jọ́ kan títí ó fi ju ẹja kan kún tèmi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, "Mama, again! Again!" Ẹni tí ẹnu rẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀, tó wá di ọjọ́ tí wọ́n bi í léèrè ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó kì jù láyé, tó pa ẹnu rẹ̀ dé, òun lẹ ń wò yìí.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú yín mọ Monwara. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: ará Bangladesh ni, agbẹ̀bí ni ní ilé ìwòsàn kan nílùú yìí. North Peckham Estate la jọ ń gbé kí wọ́n tó wó o, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mo jù ú lọ, "Apa" ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin ní èdè wọn. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, bí atẹ́gùn bá fẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè níbi tí a ti ń sá aṣọ, mo máa ń pariwo pé, "Monwara, di irin mú o, kí o má baà bá aṣọ lọ!" A máa rẹ́rìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì àbọ̀-àbọ̀ mi sì ń tó wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò jẹ́ kó máa sùn. Ó ní, "Apa, àwọn obìnrin ń bímọ lónìí, wọ́n á dá wọn padà sí fúláàtì lọ́la, kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó máa gba ọmọ kí wọ́n lè wẹ̀. Nílé yín ńkọ́, báwo lẹ ti ń ṣe é?"

Mo sọ fún un. Mo ní ogójì ọjọ́ ni ìyá bàbá mi fi ń tọ́jú abiyamọ. Omi gbígbóná, ìpara, ọbẹ̀ aláta, kí ìyá máa sùn kí àgbà máa gbé ọmọ. Mo sì ní ẹni tó bímọ, ogun ló ti bọ̀. A kì í fi ẹni tó ti ogun bọ̀ sílẹ̀ láìkì. Ojú Monwara tàn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi àti òun, láti fúláàtì dé fúláàtì. Èmi á wẹ ìyá àti ọmọ, òun á yẹ ìwọ́ wò, á yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò. Bí ilẹ̀ ilé ọ̀hún tilẹ̀ dọ̀tí, tó tutù bí yìnyín, yóò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ibi tí ọmọ tuntun wà, ibi ìkírun ni. Ọmọ tí a kọ́kọ́ fi ogójì ọjọ́ tọ́jú ni Nusaybah tèmi yìí, nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo máa padà sí i.

Òfin kan ṣoṣo ló fún mi: "Apa, ọmú nìkan ni ẹnu ọmọ. Kì í ṣe omi, kì í ṣe àgbo." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, n kò gbà ni.

Ọmọbìnrin kan wà ní Brockley, Kánsọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwa kì í bi abiyamọ léèrè ibi tó ti ń gbàdúrà. Ó bí ọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀olúwa. Lọ́jọ́ kan ọmọ ń ké, ó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra, Monwara sì ti lọ ra ẹja ọbẹ̀. Mo fa ìgò àgbo yọ nínú àpò mi, èyí tí mo fi egbò igi tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn sè. Kánsọ́lá ní, "Mummy, ṣé Aunty Monwara ò ní bínú?" Mo fi í ṣẹ̀sín. Mo ní, "Ṣé wọ́n tíì bí Monwara nígbà tí wọ́n ti ń fún ọmọ lágbo? Gbé e wá jàre!" Mo rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu. Ó dákẹ́. Mo wo Kánsọ́lá, mo ní, "O rí i?" Ọmọ sùn. Ó sùn jù. Nígbà tí Monwara wọlé, tó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́, ètè ọmọ ti yí àwọ̀ padà. Ó ju ẹja sílẹ̀, ó sáré gbé e, ó fi ẹnu tirẹ̀ sí ẹnu ọmọ, ó ń fẹ́ èémí sí i, ó ń fẹ́ èémí sí i, títí ọmọ fi sín, títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé. Èmi ńkọ́? Ìgò ni mo sáré lọ jù sínú bíìnì nísàlẹ̀ ilé. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin obìnrin bíi tèmi: ọmọ ń kú lọ, ìgò ni mo ń sá kiri.

Monwara gbọ́ òórùn ẹnu ọmọ. Ó wò mí, mo wolẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ó sọ fún wọn pé àgbo ni ọmọ mu, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó fún un, ó ní, "Abẹ́ ìtọ́jú mi ló wà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀, èmi ni kí ẹ mú." A wà ní òkè bọ́ọ̀sì nígbà tí mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Apa, ìwé ìgbélùú yín kò tíì jáde. Bí mo bá dárúkọ yín, wọ́n á dá yín padà. Èmi, wọ́n kàn máa bá mi wí ni." Òun náà ló bẹ Kánsọ́lá pé kó má sọ. Ọlọ́run dá ẹ̀mí ọmọ sí, ọpẹ́ ni fún Un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbáwí lásán ni Monwara jẹ. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń wádìí rẹ̀ lọ bí ìgbà tí kò ní í tán, ó ń gbọ́ ní Rye Lane tí wọ́n ń wí pé, "Agbẹ̀bí tí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí lọ́wọ́ nìyẹn." Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀, mo ń yan tòmátò. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó kó lọ sí ìlú rẹ̀. Bí irọ́ mi bá dúró síbẹ̀ yẹn, ì bá sàn. Ẹni tó jí ewúrẹ́ tó sá lọ, olè lásán ni. Ẹni tó jí ewúrẹ́ tó tún padà wá fi ẹ̀sùn kan ẹni tó ni ewúrẹ́, kí la máa pe ìyẹn?

Ibi tí Monwara lọ, omi ń bo ìlú fún ìdajì ọdún. Àwọn abiyamọ ibẹ̀ kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó wá ọkọ̀ ojú omi, ó sọ ọ́ di ilé. Ó ń gbé agbẹ̀bí àti ìyá àgbà nínú rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń fi ogójì ọjọ́ tọ́jú abiyamọ. Ọkọ̀ kan di púpọ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn.

Ó ku ọdún díẹ̀ kó tó di òní, àlejò kan wá síhìn-ín lẹ́yìn àdúà, bí ẹ ti ń palẹ̀ àwo mọ́. Ẹ rántí rẹ̀: obìnrin Filipíìnì, onígíláàsì, tó jókòó sórí ẹní bíi tiwa. Ẹ̀bùn ńlá kan wà ní ilẹ̀ Éṣíà tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún, tí wọ́n fi ń yẹ́ ẹni tó sin ará ìlú láìwo ti ara rẹ̀, tó ṣáájú ènìyàn láìgun ènìyàn lórí. Ẹni tí wọ́n ń wò kì í mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Wọ́n á rán ènìyàn jẹ́jẹ́ lọ sí gbogbo ibi tó ti gbé, láti bi aládùúgbò léèrè ìwà rẹ̀. Nígbà tí Nusaybah túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ìwádìí ìyàwó nìyẹn!" Òótọ́ ni. Bákan náà la ń ṣe kí a tó fẹ́ ọmọ ènìyàn. Ẹ sì mọ bí ìwádìí ṣe ń dàrú. Aládùúgbò kì í ní láti sọ pé ọmọ yẹn burú. Kó kàn mí kanlẹ̀, kó ní, "Ọlọ́run á ṣe èyí tó dára," àwọn ẹbí ọkọ á ti gbọ́, wọ́n á dìde. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odindi.

Àlejò náà ní, "A gbọ́ pé ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́wọ́ Monwara níhìn-ín. Nígbà kan tí a bi í léèrè ìgbé ayé rẹ̀ ní London, tí kò mọ ìdí tí a fi ń bèèrè, ó ní kò sí ẹni tó mọ òun tó Apa òun, Rùkáyàt ti Peckham. Irú ènìyàn wo ni Monwara?" Ó yọ àwòrán kan, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan ni, wọ́n kọ nǹkan sí i níwájú ní èdè wọn, àwọn lẹ́tà náà so rọ̀ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Ó ní, "Ọ̀nà ìtọ́jú ogójì ọjọ́ tí Monwara dá sílẹ̀ yìí ti gba ẹ̀mí là púpọ̀." Tí Monwara dá sílẹ̀! Mo rí ìyá bàbá mi níbi tó ti ń ta omi sí abiyamọ lára, mo rí ọwọ́ ara mi, mo ní nínú ọkàn mi pé, ohun ìdílé mi ni wọ́n fẹ́ fi dé ẹlòmíràn ládé. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀, pé bí mo bá sọ òtítọ́ ẹ ó mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má fi ẹ̀rù bo ara mi. Ẹ̀rù kọ́ ló pọ̀ jù. Ìlara ni. Mo fi ìka ti àwòrán náà padà.

Rahmah, ìwọ lo pariwo láti ìdí ìkòkò pé, "Ìyá Akéwì, ẹ gbà á lẹ́nu wọn! Ẹ ki Aunty Monwara kí àlejò gbọ́!" Gbogbo yín kọjú sí mi, ẹ ń retí. Oríkì rẹ̀ wà lórí ahọ́n mi. Mo búra fún yín, odindi ló wà níbẹ̀. Mo gbé e mì. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Hmm. Ọlọ́run nìkan ló mọ inú ẹ̀dá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Un." Mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú yín ní, "Subuhànal-Lọ̀ọ́." Àwo dúró lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń ki ẹlẹ́ja ní Rye Lane, tí kò rí oríkì kan fún agbẹ̀bí, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ.

Nusaybah ní, "Grandma, ṣé that's it? Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ ohun tí mo sọ."

"But kò dáhùn question wọn, Grandma."

"Nusaybah!"

Ó túmọ̀ rẹ̀. Àlejò náà wá béèrè ohun tí kò gba àbọ̀ ọ̀rọ̀: "Mama, bó bá jẹ́ pé ilé yín ni wọ́n ti bímọ, ṣé ẹ máa gbé ọmọ náà fún Monwara?" Ọwọ́ mi wà ní èjìká Nusaybah, ọmọ tí Monwara gbé fún ogójì ọjọ́, tó sùn sí àyà rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lè jókòó. Èjìká yẹn gan-an ni mo dì mú. Mo ní, "Rárá o." Nusaybah, tí kò mọ̀, fi ẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀: "She says no." Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé. Mo fi ọmọ tó jẹ́ ẹ̀rí rere rẹ̀ jẹ́rìí lòdì sí i.

Wọ́n fún ẹlòmíràn ní ẹ̀bùn náà. Èmi rò pé ó parí síbẹ̀. Ẹyin ni ohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ mi kúrò ní yàrá yìí, ó dé etí àwọn ará Bangladesh tó wà ní ìlú yìí, wọ́n gbé e délé: àwọn tó mọ̀ ọ́n ní London kò jẹ́ fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Àwọn abiyamọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lẹ́bàá odò.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn láìpẹ́ yìí, mo ní kí Nusaybah bá mi pe Monwara. Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún Nusaybah fúnra rẹ̀. Ó wọ yàrá, kò bá mi jẹun lọ́jọ́ náà. Mo jẹ́wọ́ fún Monwara. Kò pariwo. Mo ń gbọ́ omi lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Apa, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ báyìí. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀." Mo ní èwo ni? Ó ní, "Èyí tí mo kọ orúkọ yín sí. 'Rùkáyàt Apa.' Ṣé àlejò yẹn kò fi hàn yín ni?"

Ó fi hàn mí. Mo fi ìka tì í padà.

Mo ní, "Monwara, dárí jì mí, mo ń lọ." Ó ní, "Èyí tó kàn mí, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, tó yí padà sílé lọ dá bímọ. Mallika lorúkọ rẹ̀. N kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún yín, torí ara yín kò yá. Ẹ lọ sọ òtítọ́ fún etí tó gbọ́ irọ́, Apa. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún bẹ̀ mí." Ẹ̀yin ni etí náà. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa: ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run á dárí rẹ̀ jì, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ ọmọnìkejì, ẹnu onítọ̀hún ni Ó ń wò. Mo ti ní kí wọ́n pe àwọn ẹlẹ́bùn náà. Wọ́n ní èyí tí a ti fún ènìyàn, a ti fún un, ṣùgbọ́n àwọn yóò gbọ́ mi. Ìmọ́lẹ̀olúwa náà wá kí mi lánàá, ó mú ẹja wá bó ti máa ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó ní, "So, ẹ̀yin ni, Grandma?" Ó dìde, kò fẹnu kan omi tí mo bù fún un. Ó fi ẹja sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, bí wọ́n bá bi yín léèrè ènìyàn tí ẹ mọ rere rẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní odindi. Ẹ má mí kanlẹ̀. Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo inú yín mọ́lẹ̀ bí èmi ti ṣe. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo ti ń wá Monwara rà láti ìgbà náà, n kò rí i rà.

Fóònù tó wà lórí àga yẹn, Monwara ló wà níbẹ̀. Ó ti ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, Nusaybah ń túmọ̀ fún un. Rahmah, ìwọ lo ní kí n kì í lọ́jọ́ náà. Wá bá mi gbè é, èémí mi kò tó.

Monwara, ọmọ olódò tí kì í fi odò ṣeré,
ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi bí ẹni ru ìdì ewé,
a-bọ́-bàtà-kó-tó-wọlé-abiyamọ.
Ó bá ilé ṣókùnkùn, ó di fìtílà;
ó bá odò kún, ó di ọkọ̀.
A lé e lórí ilẹ̀, ó kọ́lé sórí omi,
ó kọ orúkọ ọ̀dàlẹ̀ síwájú ilé, kò mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni.
Ọmọ ń lọ, ó fi ẹnu pè é, ọmọ dáhùn;
ọmọ ọ̀hún ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé mi lónìí.
Ọmọ mi bímọ, ìwọ ni mo gbé e fún.
Bí wọ́n bá tún bí òmíràn, ìwọ ni n ó gbé e fún.

Nusaybah, túmọ̀ rẹ̀ fún un. Má fi ẹyọ kan sílẹ̀.